Bí a ṣe ń ya fọ́tò ojú ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, láti orí afárá Waterloo

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó rìnrìn-àjò dé Lọ́ńdọ̀nù ni ó máa ń dúró sí etí odò Thames ní ìrọ̀lẹ́, tí wọn yóò na fóònù sókè, tí wọn yóò sì ya fọ́tò lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n tí wọn bá padà dé ilé, wọn kì í rí ẹyọ kan tí ó jọ ohun tí ojú wọn rí. Nínú fọ́tò kan, sánmà yóò funfun báláú, àwọn ilé yóò sì dúdú kirikiri. Nínú òmíràn, gbogbo iná ni yóò fà gbọọrọ nítorí pé ọwọ́ mì. Èyí tí ó burú jù ni ti ẹni tí ó kó ẹrù rẹ̀ tí ó sì lọ ní kété tí oòrùn wọ̀, nígbà tí fọ́tò gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fóònù olówó gọbọi kò lè tún èyí ṣe bí ibi ìdúró, ìhà tí a kọjú sí àti àkókò kò bá bá ara wọn mu.

Orí afárá Waterloo ni mo mú fún ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí pé ojú ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a lè rí níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Bí ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn, ẹ ó rí òrùlé rogodo Kàtídírà St Paul's, àwọn ilé gíga onídígí tí ó wà ní àdúgbò City yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá yí padà, tí ẹ sọdá títì sí apá kejì, ẹ ó rí London Eye ní ọwọ́ òsì, àti Big Ben pẹ̀lú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin níwájú. Ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo kò jìnnà sí etí gúúsù afárá náà, ti Temple àti Embankment sì wà ní ìhà àríwá.

Ohun tí ẹ nílò

- Fóònù tí ó ní ètò fọ́tò alẹ́ tí a ń pè ní night mode, tàbí kámẹ́rà tí ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣètò.
- Ẹsẹ̀ kámẹ́rà tí a ń pè ní tripod. Kékeré tí ó ṣeé ká sínú àpò ti tó fún fóònù, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ó ga ju ọwọ́ afárá lọ, tàbí pé ó ṣeé so mọ́ ọn.
- Okùn tí a ń fi fóònù kọ́ ọwọ́ tàbí ọrùn.
- Aṣọ rírọ̀ tí ó mọ́, fún nínu lẹ́ǹsì.
- Power bank, àti bátìrì kejì fún ẹni tí ó bá ń lo kámẹ́rà.
- Ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀wù òtútù bí ó bá jẹ́ láàárín Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kẹrin. Afẹ́fẹ́ orí odò máa ń tutù ju ti ìgboro lọ, ẹni tí òtútù bá sì mú kò ní lè dúró títí di àkókò tí ó yẹ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí oòrùn yóò wọ̀ sí ní ọjọ́ náà

Ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, oòrùn kì í yà jìnnà sí ibi tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ó lè yẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì bí oṣù ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí Oṣù Kẹfà, àríwá ìwọ̀-oòrùn ni ó ń wọ̀ sí, ní nǹkan bí ìwọ̀n 311 lórí kọ́ńpáàsì. Ní ìparí Oṣù Kejìlá, ó ti sún títí dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ní nǹkan bí ìwọ̀n 232. Ẹni tí ó bá rí fọ́tò tí ẹlòmíràn yà ní ìgbà òtútù, tí ó wá lọ dúró sí ojú ibẹ̀ gan-an ní ìgbà ooru, yóò kàn máa wá oòrùn kiri ni.

Láti àárín afárá Waterloo, Big Ben wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 211. Ìtumọ̀ èyí ni pé ní Oṣù Kejìlá, oòrùn yóò wọ̀ ní apá ọ̀tún Big Ben, kò sì ní jìnnà sí i, tí pupa rẹ̀ yóò fi wọ inú fọ́tò kan náà pẹ̀lú ilé aago náà. Ní Oṣù Kẹfà, kò sí oòrùn kankan ní ìhà ibẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn ilé tí ó wà ní apá àríwá odò ni yóò wọ̀ sí.

Ojú ìlú ti apá ìlà-oòrùn ní tirẹ̀ kì í ní oòrùn nínú rárá ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí ó sì mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyẹn. Ẹ̀yìn yín ni oòrùn yóò wà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì lọ kọlu dígí àwọn ilé gíga náà. Ní ìparí Oṣù Kẹwàá àti ní àárín Oṣù Kejì, oòrùn máa ń wọ̀ sí òdìkejì City gan-an, nígbà náà ni dígí ilé 22 Bishopsgate, tí ó ga ní mítà 278, máa ń gba ìmọ́lẹ̀ lójúkojú tí yóò sì pọ́n bí irin inú ààrò alágbẹ̀dẹ. Ẹni tí ó bá kọjú sí oòrùn nìkan ní àkókò yẹn ti kọ ẹ̀yìn sí ohun tí ó dára jù lọ.

*Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣìnà:* wọ́n máa ń rò pé fọ́tò ìwọ̀ oòrùn kò lè pé bí a kò bá rí oòrùn fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kọjú kámẹ́rà sí oòrùn tí kò tíì wọ̀, àwọn ilé yóò di òjìji ni. Bí òjìji bá ni ẹ fẹ́, kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí fèrèsé, òkúta àti dígí, ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, tàbí kí ẹ dúró kí ó wọ̀ tán.

*Àyẹ̀wò:* ẹ dúró sí àárín afárá ní ọ̀sán, ẹ ṣí kọ́ńpáàsì inú fóònù yín. Bí ẹ bá lè na ìka sí ilé kan pàtó kí ẹ sọ pé ẹ̀yìn ilé yìí ni oòrùn yóò wọ̀ sí lónìí, ìgbésẹ̀ yìí ti parí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò àkókò yín

Àárín agogo 6:30 sí agogo 7:00 ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn sábà máa ń wọ̀ ní Èkó, láti Oṣù Kìíní títí dé Oṣù Kejìlá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, agogo 3:53 ọ̀sán ni ó ń wọ̀ ní ọjọ́ 21 Oṣù Kejìlá, ó sì ń di agogo 9:21 alẹ́ kí ó tó wọ̀ ní ọjọ́ 21 Oṣù Kẹfà. Ẹ tún fi í sọ́kàn pé wọ́n máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn Oṣù Kẹta, wọ́n sì ń dá a padà ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn Oṣù Kẹwàá. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá a padà yẹn, ìwọ̀ oòrùn máa ń fò láti nǹkan bí agogo 5:45 sí nǹkan bí agogo 4:45. Àlejò tí kò bá mọ̀ yóò dé orí afárá nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Ohun tí ó tún ṣe pàtàkì ju wákàtí ìwọ̀ oòrùn lọ ni bí ilẹ̀ ṣe ń pẹ́ kí ó tó ṣú. Lọ́dọ̀ wa nílé, oòrùn kì í fi falẹ̀: láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan lé ní ogún tí ó bá wọ̀, òkùnkùn ti dé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ́lẹ̀ máa ń wà ní ojú sánmà fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn ní Oṣù Kejìlá, ó sì ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 48 ní Oṣù Kẹfà. Inú àkókò yìí ni fọ́tò ojú ìlú wà. Ìmọ́lẹ̀ sánmà yóò máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná inú àwọn ilé yóò máa yọ síta, yóò sì kan ìgbà kan tí méjèèjì yóò dọ́gba. Nígbà náà, kámẹ́rà lè gba sánmà àti fèrèsé pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ba èkejì jẹ́. Ní ìgbà òtútù, ẹ máa retí rẹ̀ láàárín ogún sí ìṣẹ́jú márùndínlógójì lẹ́yìn ìwọ̀ oòrùn. Ní ìgbà ooru, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ má sì kúrò títí wákàtí kan yóò fi kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú ọjọ́ iṣẹ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ilé gíga City jẹ́ ilé iṣẹ́. Ní agogo 4:20 ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú Oṣù Kejìlá, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà lórí ìjókòó wọn, iná sì wà ní àjà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Sátidé nínú Oṣù Kẹfà, púpọ̀ nínú fèrèsé wọ̀nyẹn ti dúdú. Lójú tèmi, Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kejì ni ó dára jù fún ojú ìlú yìí, bí òtútù rẹ̀ tilẹ̀ ń gé ni.

*Àyẹ̀wò:* ẹ kọ wákàtí mẹ́ta sílẹ̀: wákàtí tí ẹ ó dé, wákàtí tí oòrùn yóò wọ̀, àti wákàtí tí ẹ ó kúrò. Bí ìkẹta kò bá jìnnà sí ìkejì tó wákàtí kan, ẹ tún ètò yín ṣe.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ sánmà àti omi wò

Sánmà tí kò ní ìkùukùu rárá kì í mú àwọ̀ wá tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lókè réré ni ó ń gba pupa oòrùn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ sánmà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gbọ́dọ̀ mọ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má jókòó sílé. Bí ìkùukùu bá sì bo gbogbo sánmà, ẹ lọ síbẹ̀ síbẹ̀, torí pé àwọ̀ aró tí ó máa ń tẹ̀ lé ìwọ̀ oòrùn ṣì lè yọ.

Odò Thames máa ń kún, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ìyàtọ̀ àárín kíkún àti fífà rẹ̀ sì lè tó mítà méje ní àárín ìlú. Bí ó bá ti fà, ẹrẹ̀ àti òkúta etí odò ni yóò gba ìsàlẹ̀ fọ́tò yín. Bí ó bá kún, iná ni yóò máa tàn lójú omi. Ẹ wo àkókò kíkún omi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó mú ọjọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gba ibi ìdúró tí kò mì

Afárá Waterloo máa ń gbọ̀n bí bọ́ọ̀sì alájà méjì bá ń kọjá. Ẹsẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí ó ṣí ojú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì yóò mọ̀ ọ́n dáadáa, iná fèrèsé kọ̀ọ̀kan yóò sì di méjì. Ohun mẹ́ta ni ó ń dín èyí kù. Ẹ dúró sí ọ̀gangan òpó tí ó gbé afárá ró, nítorí pé àárín òpó méjì ni ó ń mì jù. Ẹ má fa ọ̀pá ẹsẹ̀ kámẹ́rà ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ sì dúró kí bọ́ọ̀sì kọjá tán kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Bí iná títì bá dá ọkọ̀ dúró ní etí afárá, àyè yóò ṣí sílẹ̀ fún yín.

*Ẹ ṣọ́ra:* àwọn jàgùdà tí ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń já fóònù gbà lọ́wọ́ àwọn àlejò ní àárín Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi okùn kọ́ ọwọ́, ẹ dúró mọ́ ọwọ́ afárá, ẹ má ṣe dúró sí etí títì, kí ẹ sì fi àpò sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Okùn yìí kan náà ni kò ní jẹ́ kí fóònù bọ́ sínú odò. Ẹsẹ̀ kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ya fọ́tò kan kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì fà á tóbi títí ẹ ó fi rí àgbélébùú tí ó wà lórí òrùlé St Paul's. Bí etí rẹ̀ bá gé pérépéré, ìdúró yín dára.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣètò fóònù tàbí kámẹ́rà

Ẹ nu lẹ́ǹsì ná. Ọ̀rá ọwọ́ tí ó wà lára lẹ́ǹsì fóònù kì í hàn ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n bí iná bá ti tàn, yóò mú kí iná kọ̀ọ̀kan fọ́n káàkiri nínú fọ́tò.

Fún fóònù: ẹ pa fíláàṣì, kò lè tan ìmọ́lẹ̀ dé odò, ká má tilẹ̀ sọ ti City. Ẹ ṣí ìlà tí ń pín ojú fóònù sí mẹ́sàn-án, kí odò má baà dagun. Ẹ lo lẹ́ǹsì gangan tí ó jẹ́ 1x, ti 0.5x kì í lè gba ìmọ́lẹ̀ tó bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ó sì ń sọ ilé gíga di kékeré. Ẹ fi ìka tẹ ilé kan tí ìmọ́lẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ má gbé ìka kúrò títí fóònù yóò fi ti ibi tí ó tẹjú mọ́ àti ìmọ́lẹ̀ náà pa kí wọn má baà yí padà, lẹ́yìn náà kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ ṣètò kí fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ó tó yà, kí ìka yín má baà mì ín.

Fún kámẹ́rà: ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/8 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó), kí ẹ sì máa yí ìyára shutter, ìyẹn iye àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí ojú, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Ẹ fi ètò àwọ̀ tí a ń pè ní white balance sí Daylight, nítorí pé bí ẹ bá fi í sí Auto, kámẹ́rà yóò gbìyànjú láti wẹ pupa àti aró kúrò. Ẹ ya RAW, irú fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe. Bí kámẹ́rà bá ti wà lórí ẹsẹ̀, ẹ pa ohun tí ń dá mímì dúró nínú lẹ́ǹsì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ yà á ní ìpín mẹ́ta

*Kí oòrùn tó wọ̀.* Apá ìlà-oòrùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo dígí àwọn ilé City: ìmọ́lẹ̀ náà yóò máa gun òkè lára wọn bí oòrùn ṣe ń lọ sílẹ̀, títí yóò fi ku orí àwọn tí ó ga jù nìkan. Ìgbà tí ó bá kan ìdajì òkè ni ẹ ó rí ìyàtọ̀ tí ó dára jù láàárín wúrà àti òjìji. Ẹ kò nílò ẹsẹ̀ kámẹ́rà fún èyí.

*Láti ìwọ̀ oòrùn sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.* Ẹ sọdá sí apá Big Ben ní ibi tí iná ti ń dá ọkọ̀ dúró fún ẹlẹ́sẹ̀, kì í ṣe ní àárín afárá. Bí ìkùukùu bá wà, pupa rẹ̀ lè pọ̀ sí i lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ojú sánmà ni kí ẹ ṣètò ìmọ́lẹ̀ fún, kí ẹ jẹ́ kí ilé dúdú díẹ̀. Àwọn òpó funfun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ojú irin Hungerford máa ń wọ iwájú Big Ben. Ẹ máa rìn síwá sẹ́yìn títí ilé aago náà yóò fi bọ́ sí àlàfo láàárín wọn.

*Nígbà tí sánmà bá di àwọ̀ aró.* Àkókò yìí ni gbogbo ètò ìrọ̀lẹ́ náà wà fún, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń sá kúrò fún. Ẹ padà sí apá ìlà-oòrùn, ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú sí i, ẹ sún un sí méjì, lẹ́yìn náà sí mẹ́rin. Ẹ máa ya ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, kí ẹ má yan èyí tí ó dára lórí afárá, torí pé ojú wa máa ń tàn wá jẹ nínú òkùnkùn. Fún fóònù, ẹ lo night mode. Nígbà tí fóònù bá mọ̀ pé òun dúró ṣinṣin, ó máa ń fún ara rẹ̀ ní àkókò púpọ̀ sí i láti gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó sọ alẹ́ di ọ̀sán: ẹ fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wá sílẹ̀ títí sánmà inú fọ́tò yóò fi dúdú bí ti òkè yín gan-an.

Bí ọkọ̀ ojú omi bá ń kọjá, ẹ lè dúró kí ó lọ, tàbí kí ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ fa ìlà kan sórí omi. Èmi a máa dúró, nítorí pé ìgbì tí ó ń fi sílẹ̀ máa ń fọ́ òjìji iná ojú omi fún ìgbà díẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ní apá Big Ben, ẹ fa fọ́tò tóbi dé ojú aago. Bí ẹ bá rí ọwọ́ aago méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ yín tọ́. Bí ojú aago bá ti di funfun gbàkọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò hàn, ẹ dín àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí ojú kù sí ìdajì kí ẹ tún un yà. Ní apá City, sánmà gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ aró tí ojú lè rí. Bí ó bá ti di dúdú, àkókò ti kọjá, a kì í sì í lè fi kọ̀ǹpútà dá a padà.

Ìgbésẹ̀ 7: Kí ẹ tó kúrò

Òtútù máa ń mú kí bátìrì tètè kú, nítorí náà inú àpò tí ó súnmọ́ ara ni kí bátìrì kejì wà. Ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ má dúró di ọjọ́ tí ẹ ó wọ bàálù. Tí ẹ bá ń tún un ṣe, ẹ tọ́ ìlà odò kí ó dúró déédéé ná, lẹ́yìn náà kí ẹ fa ìmọ́lẹ̀ ibi tí ó mọ́ jù wá sílẹ̀. Àwọ̀ tí a bá fà ju bí ó ti yẹ lọ ń jẹ́ kí òkúta St Paul's di àwọ̀ ọsàn.

Bí Waterloo kò bá rọ̀ yín lọ́rùn

Àwọn tí ó bá dé sí ọ̀dọ̀ ẹbí ní Peckham ní ìgbà ooru lè gun òkè ibi ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ tí ó wà létí Rye Lane. City àti Shard, ilé gíga onídígí tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, wà ní ìhà àríwá, oòrùn Oṣù Kẹfà yóò sì wọ̀ ní ọwọ́ òsì wọn. Ọgbà Greenwich ní òkè tí ó lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ti ẹnubodè rẹ̀ ní alẹ́, wákàtí rẹ̀ sì ń yí padà láti oṣù dé oṣù, nítorí náà ẹ wò ó kí ẹ tó lọ. Àwọn ibì kan létí odò jọ ìgboro, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ aládàáni ni. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ní kí ẹ ká ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ẹ ká a.

Sky Garden, lókè ilé 20 Fenchurch Street, kò gba owó, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì gba ẹsẹ̀ kámẹ́rà wọlé. Láti ẹ̀yìn dígí níbẹ̀, ẹ fi ẹnu lẹ́ǹsì kan dígí gan-an, kí ẹ sì fi ẹ̀wù dúdú yí i ká. Bí ẹ bá ṣì rí iná inú ilé tàbí ojú ara yín nínú fọ́tò, àlàfo kan ṣì wà níbì kan tí aṣọ kò tíì bò.